Mo Ní Yìnyín Ti Dé Ìgbọ̀nwọ́

Ẹnu ni àwọn ẹlòmíràn fi ń purọ́. Apá ọ̀tún ni èmi fi pa tèmi, apá tí mo fi ń gbé abọ́ ọbẹ̀ fún àlejò lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Ẹ ó bú mi, mo mọ̀.

Burgi ni wọ́n ń pè mí. Mo ní ilé àlejò kékeré kan ní Hinterlahn, ní àárín àwọn òkè Tirol, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá fi síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, yọ̀ lórí yìnyín nígbà òtútù. Wendelin ọkọ mi ló ń wa katapílà tó ń tẹ́ yìnyín náà. Tí yìnyín bá já wa kulẹ̀, ọkọ mi ò níṣẹ́, èmi náà ò sì lálèjò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe yìnyín nìkan ló ń ṣí òkè wa fún àlejò. Ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi ni.

Pápá àwọn àgbẹ̀ ni àwọn àlejò ń yọ̀ kọjá. Koríko ibẹ̀ ni a ń gé gbẹ fún màlúù. Tí yìnyín bá fẹ́lẹ́, irin etí síkì á gé koríko, ṣéènì katapílà á hú gbòǹgbò rẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí Kassian bàbá mi, ẹni tí pápá rẹ̀ gba oòrùn jù lọ, fi máa ń kúnlẹ̀ sí àárín pápá lọ́dọọdún, tí á ki apá bọ inú yìnyín. Tí ìka rẹ̀ bá kan koríko kí yìnyín tó bo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí ọgbà pápá rẹ̀ fún àlejò. Tó bá bo ìgbọ̀nwọ́, á tẹ Gebhard láago, ìyẹn ọ̀gá àwọn tó ni àga orí wáyà tó ń gbé àlejò gòkè. Á ní, "Ó ti dé." Gbogbo àgbẹ̀ yòókù á sì ṣí ọgbà tiwọn láì tún wo nǹkan kan. Tó bá ti dé ìgbọ̀nwọ́ níbi oòrùn, ṣé ibi òjìji ló máa kù?

Bàbá mi kì í ṣe olówó. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn ni gbogbo ohun tó ní. Tí wọ́n bá ti sọ ní abúlé wa pé "Kassian ti sọ̀rọ̀", ẹjọ́ parí nìyẹn.

Kí òtútù ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, bàbá yọ̀ ṣubú nínú ilé màlúù, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti pè mí.

"Burgi, ìwọ lo máa kúnlẹ̀ lọ́dún yìí."

"Èmi kẹ̀! Bàbá, ẹ jẹ́ kí Rochus ṣe é." Rochus ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, pápá rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa nísàlẹ̀.

"Rochus? Pẹ̀lú apá kúkúrú yẹn? Kódà tí ìrì bá sẹ̀, á dé ìgbọ̀nwọ́ Rochus." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìbàdí dùn ún, ó kérora. "Apá mi lo gbé wáyé. Ohun tó o bá bá níbẹ̀ ni kó o sọ. Tí kò bá dé, kò dé nìyẹn."

"Ó dáa, bàbá."

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe yára jẹ́ ẹ.

Oṣù Kejìlá wọlé, òtútù ò bá a wọlé. Oyin ń fò kiri nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé Àjíǹde ló ń bọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń tu yìnyín dúró gbagidi lórí òkè, nítorí pé láìsí òtútù, omi lásán ni wọ́n lè tu. Àlejò mi kan láti Holland pè mí, ó ní, "Ìyáàfin Burgi, ṣé síkì ni kí a kó wá ni àbí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Nígbà tó yá, yìnyín díẹ̀ bọ́. Gebhard àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé mi lọ sí pápá. Mo kúnlẹ̀ bí bàbá ṣe máa ń kúnlẹ̀, mo ká apá ẹ̀wù sókè, mo sì ki apá bọ̀ ọ́. Kíá ni ìka mi kan koríko. Koríko tútù yọ̀yọ̀, bíi ti oṣù Karùn-ún.

Àwọn òṣìṣẹ́ dúró lókèèrè. Gebhard nìkan ló lóṣòó tì mí. Kíláàsì kan náà ni a jọ wà ní iléèwé, mo mọ ọ́n dénú.

"Ó dé ibo?" ó béèrè.

"Ọrùn ọwọ́."

"Burgi, fetí sílẹ̀. Òtútù ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, rédíò ti sọ ọ́. Bó bá ṣe dé báyìí, àwọn ẹ̀rọ mi á tu yìnyín lé e, á sì ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ohun tó máa jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ni mo ní kó o sọ lónìí."

"Irọ́ náà nìyẹn, Gebhard."

"Irọ́ wo? Ẹni tó ní ilẹ̀ á mọ́ lọ́la, ṣé ó purọ́ ni? Tí n kò bá kéde ṣíṣí òkè lónìí, gbogbo àlejò Kérésìmesì ló máa gba ibòmíràn lọ. Tìẹ náà wà níbẹ̀. Wendelin ńkọ́? Ṣé ìdí ààrò ló máa jókòó sí títí ọdún á fi yí?"

Ó yẹ kí n gbá a létí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ mi wà nínú yìnyín, mo sì wo ọ̀ọ́kán. Mo rí òrùlé ilé àlejò mi. Mo rí fèrèsé yàrá tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn sí. Mo ní nínú ọkàn mi pé, Ọlọ́run, ọjọ́ díẹ̀ péré ni, òtútù ń bọ̀.

Mo ní, "Ó ti dé."

"Sọ ọ́ sókè, kí wọ́n gbọ́."

Mo dìde, mo sì pariwo rẹ̀: "Yìnyín ti dé ìgbọ̀nwọ́!"

Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Kí oòrùn tó wọ̀, Rochus ti ṣí ọgbà tirẹ̀, àwọn yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò? Ilé Kassian ti sọ̀rọ̀.

Mo pe bàbá.

"Nínú ooru yìí?" ó ní. "Ó dé?"

"Ó dé, bàbá."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń ké sí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì pé, "Ọmọ mi ní ó ti dé ìgbọ̀nwọ́! Ọmọ mi obìnrin ló kúnlẹ̀!" Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Mo pa fóònù, mi ò sì lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀ dé. Òtútù ò dé.

Atẹ́gùn gúúsù ló dé dípò rẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí orí á sì máa fọ́ àwọn arúgbó nítorí rẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó láti orí òrùlé. Àlejò ti dé, wọ́n ti san owó àga orí wáyà, wọ́n fẹ́ yọ̀. Gebhard ní kí Wendelin máa fi katapílà kó yìnyín láti inú igbó wá bo ojú ọ̀nà. Ọ̀nà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù lórí òkè tí koríko tútù bò látòkè délẹ̀.

Wendelin wá jẹun ọ̀sán, kò bọ́ bàtà rẹ̀.

"Burgi, ṣéènì mi ti ń hú ilẹ̀. Mo rí gbòǹgbò lónìí."

"Dá a dúró nígbà náà!"

"Mo sọ fún Gebhard. Ó ní ilé bàbá ẹ ló ní ó dé ìgbọ̀nwọ́, ta ni èmi tí mo fẹ́ já Kassian nírọ́." Ó wò mí. "Ó dé, àbí kò dé?"

Mo kọjú sí ìkòkò, mo ń ro ọbẹ̀ tó ti jinná tipẹ́.

"Burgi?"

Mo bu ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó títí ọbẹ̀ náà fi tutù, ó dìde, ó sì padà sórí katapílà, nítorí kí ni kó ṣe? Tó bá kọ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn sórí rẹ̀.

Mo sáré lọ bá Gebhard ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Ti òkè yìí pa!"

"Kí n ti í pa kí n wá sọ pé kí ni?" Òun náà ò sùn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Tí mo bá tì í lónìí, wọ́n á bi mí léèrè ẹni tó ní kí n ṣí i. Orúkọ ta ni kí n dá? Òjò yìnyín lè bọ́ lọ́la, Burgi. Ẹ̀bẹ̀ ni kó o lọ máa bẹ Ọlọ́run."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Mo lọ bẹ Ọlọ́run lóòótọ́. Mo tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí òtútù dé. Àbẹ́là ń jó, mo ń làágùn nínú ẹ̀wù òtútù mi.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú. Láràárọ̀, tẹlifíṣọ̀n máa ń fi kámẹ́rà ṣàfihàn gbogbo òkè síkì, kí àwọn èèyàn lè mọ bí yìnyín ṣe rí. Bàbá ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Gebhard mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá gun òpó, ó yí kámẹ́rà Hinterlahn kúrò lójú pápá, ó kọjú rẹ̀ sí ṣóńṣó òkè níbi tí yìnyín kì í ti í yọ́.

Bàbá pè mí. "Kí ló ṣe kámẹ́rà yẹn? Èmi ò rí òrùlé wa mọ́. Ojú ọ̀run ló kù tó ń wò."

"Atẹ́gùn ló yí i, bàbá."

"Atẹ́gùn! Ìgbà wo ni atẹ́gùn kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Burgi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ó dáa. Tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju èébú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, òjò rọ̀. Òjò gidi, bíi ti oṣù Keje! Àwọn àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú síkì lọ́wọ́, wọ́n ń wòkè. Nígbà tí òjò dá, pápá bàbá mi ti jáde síta. Ibi tí katapílà gbà kọjá ti di poro, omi dúró nínú rẹ̀, gbòǹgbò koríko dojú kọ ọ̀run, ẹrẹ̀ sì ń ṣàn wọ pápá Rochus lọ.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi yí. Mo gbé garawa tí a fi ń fún wàrà, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé màlúù níbi tí yìnyín díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òjìji. Mo ń bu ú, mo ń gbé e lọ dà sójú àwọn poro yẹn. Mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Kí n tó lọ bu òmíràn dé, ó ti di omi. Mo tún dà á. Mo ń sunkún, mo ń dà á. Obìnrin kan àti garawa kan!

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Mo yíjú. Bàbá mi ni. Ó ti bẹ dókítà pé ilé òun lòun fẹ́ ti ṣe Kérésìmesì, ọkọ̀ ọsibítù sì ti gbé e dé. Ó dúró lórí ọ̀pá méjì lẹ́bàá ọgbà, ó ṣì wọ sálúbàtà ọsibítù.

Kò wò mí. Pápá ló ń wò. Ojú rẹ̀ tọ poro náà látòkè délẹ̀, ó sì tún tọ̀ ọ́ padà.

"Mi ò lè kúnlẹ̀," ó ní. "Kúnlẹ̀ fún mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó kù díẹ̀ lára yìnyín tí mo dà.

"Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó dé ibo?"

"Èékánná."

"Lọ́jọ́ tó o pè mí ńkọ́?"

Mi ò lè gbójú sókè. "Ọrùn ọwọ́."

Mo dúró de ìbínú rẹ̀. Ì bá bú mi, ì bá fi ọ̀pá nà mí, ara ì bá tù mí. Ó kàn ní, "Rochus ńkọ́? Òun náà ṣí tirẹ̀?"

"Gbogbo wọn, bàbá. Nítorí tiyín."

Ó mi orí. Ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà, ó sì rọra wọ ilé màlúù lọ. Mo gbọ́ tó ń pe àwọn màlúù rẹ̀ lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Máàsì, àwọn àgbẹ̀ kò lọ sílé. Ilé àlejò mi ni wọ́n wọ́ wá, wọ́n pàṣẹ bíà, wọn ò sì mu ún. Gebhard wà níbẹ̀. Bàbá mi jókòó sí ìdí ààrò.

Rochus ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹrẹ̀ ti dé ẹnu ilé màlúù mi. Pápá mi ti bàjẹ́, ó di ọdún mélòó kó tó hu koríko gidi, èmi ò mọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ta ló ní ó dé ìgbọ̀nwọ́?"

Gebhard ń wo inú bíà rẹ̀ bíi pé ẹja wà níbẹ̀.

Mo gbé àwo tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Mo la ẹnu.

"Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀," bàbá mi ní.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orí itan.

"Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé òtútù ń bọ̀. Mo ní, Burgi, ohunkóhun tó o bá bá níbẹ̀, sọ pé ó ti dé. Ọmọ gbọ́ ti bàbá rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

"Irọ́ ni!" Mo kígbe. "Rochus, irọ́ ni! Èmi ni! Bàbá ò mọ nǹkan kan! Ọrùn ọwọ́ ló dé, èmi ni mo sọ pé ìgbọ̀nwọ́ ni!"

Rochus wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó rọra di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ wo ọmọ," ó ní fún àwọn yòókù. "Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ gba ẹ̀bi bàbá rẹ̀ rù." Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ojú ò tì ọ́, Kassian? O rán ọmọ tó báyìí ní iṣẹ́ irọ́?"

"Gebhard!" mo ní. "Gebhard, sọ fún wọn! O wà níbẹ̀!"

Gbogbo ojú yí sí Gebhard. Ó mu bíà rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ohun tí wọ́n kígbe rẹ̀ ni mo gbọ́," ó ní. "Èmi ò mọ ohun tí bàbá àti ọmọ jọ sọ."

Rochus dìde, ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ó ní, ó sì jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin tó ti ń jókòó ti bàbá mi láti ọmọdé, ọ̀kan nínú wọn ò kí i pé ó dàbọ̀.

Mo wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Bàbá, kí ló dé? Kí ló dé tí ẹ ṣe báyìí?"

"Dìde, àlejò á wọlé." Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. "Mo ti lo orúkọ tèmi tó. Ìwọ ṣì ní ilé tí wàá máa ṣí láràárọ̀."

Ìgbà ìrúwé dé, koríko ò hù. Èpò ló hù. Kò sí oúnjẹ fún màlúù mọ́, bàbá sì tà wọ́n. Ní báyìí, tó bá sọ̀rọ̀ ní ilé àlejò mi pé òjò ń bọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọjú síta wò ó, Kassian ló wí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà ló ń bu bíà fún wọn. Mo ti sọ òótọ́ fún Fáda, mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó Rochus, mo ti sọ ọ́ lójú ọjà. Wọ́n á kàn gbá mi léjìká. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ tó ni wọ́n ń yìn mí tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kórìíra bàbá mi sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rochus kan ilẹ̀kùn mi, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ rẹ̀ ti bí ọmọ obìnrin. Wọ́n fẹ́ kí n gbé ọmọ náà níbi ìsàmì, kí n jẹ́ ìyá ìsàmì rẹ̀.

"A ti rò ó," ó ní. "A fẹ́ kó níwà bíi tìẹ."

Mo wo bàbá mi tó jókòó nínú yàrá. Ó mi orí sí mi pé kí n gbà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni. Mo máa gbé ọmọ náà dúró níwájú gbogbo abúlé, Fáda á sì bi mí bóyá mo kọ Sátánì sílẹ̀ àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi á wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, nítorí kò sẹ́ni tó ń sún fún un mọ́. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu bàtà tí mo máa wọ̀.